Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ìtọ́jú Àná, Ìṣòro Òní, àti Ohun Tó Yẹ Kó Wà Nínú Fáìlì

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti Ìlọrin àti láti àwọn ìlú gúúsù Kwara lóṣù yìí dá lórí ọ̀ràn kan ṣoṣo. Aláìsàn gba ìtọ́jú tí kò mú iṣẹ́ abẹ lọ́wọ́, bóyá abẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀, rọ́bà ìtọ̀ (èyí tí a ń tì bọ ọ̀nà ìtọ̀ kí ìtọ̀ lè jáde) tàbí ìtànṣán. Ara rẹ̀ yá, ó padà sílé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀, oṣù tàbí ọdún mélòó kan, ìṣòro mìíràn yọjú láti ìdí ìtọ́jú náà. Ta ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀, kóòdù wo (lẹ́tà àti nọ́ńbà tí a fi ń to àìsàn àti okùnfà rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀) ni yóò gbà, ẹ̀tọ́ wo sì ni aláìsàn ní sí ìwé náà? A ti gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, a sì ti yọ orúkọ ènìyàn àti ti ilé ìwòsàn kúrò nínú wọn.

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Òṣìṣẹ́ àkọsílẹ̀ ìlera ni mí. Bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún wá sọ́dọ̀ wa nítorí pé ìtọ̀ kì í fẹ́ jáde lára rẹ̀ mọ́. Dókítà kọ “urethral stricture”, ìyẹn ọ̀nà ìtọ̀ tó fún, sínú fáìlì, kò kọ ohun mìíràn. Ìwé ìtọ́kasí tó wà lẹ́yìn fáìlì fi hàn pé nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá náà ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, wọ́n fi rọ́bà ìtọ̀ sí i lára níbòmíràn. Ọ̀gá mi ní kí n fi N99.1 àti Y84.6 sí i, pé ọ̀rọ̀ náà hàn gbangba. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀? (Òṣìṣẹ́ àkọsílẹ̀, Òmù-Àrán)

Ẹ má tíì ṣe é. Ẹ dá fáìlì náà padà sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ ọ̀gá yín já sí òótọ́, àmọ́ ohun tó hàn gbangba sí àwa òṣìṣẹ́ àkọsílẹ̀ kò lè dípò àyẹ̀wò oníṣègùn. Ọ̀nà ìtọ̀ ọkùnrin lè fún nítorí àtọ̀sí tó mú un nígbà ọ̀dọ́, ó lè fún nítorí pé ó ṣubú, ó fi abẹ́ gbá irin kẹ̀kẹ́, ó sì lè fún nítorí rọ́bà tó gba ibẹ̀ kọjá. ICD-10, ìwé kóòdù ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ya wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: N35.0 ni ti èyí tí ìpalára fà, N35.1 ni ti èyí tó tẹ̀yìn àkóràn yọ, N99.1 sì ni ti èyí tó tẹ̀yìn ìtọ́jú yọ. Bí dókítà bá kọ orúkọ àìsàn náà lásán bí ó ti kọ ọ́ yìí, N35.9 nìkan ló kù fún yín láti lò, ìyẹn èyí tí ẹnikẹ́ni kò sọ okùnfà rẹ̀. Pé ohun kan tẹ̀lé òmíràn kò fi hàn pé ti àkọ́kọ́ ló bí èkejì. Ẹni tó yẹ aláìsàn wò ló lè so wọ́n pọ̀, inú fáìlì ni ó sì gbọ́dọ̀ so wọ́n pọ̀ sí.

Bí ẹ ṣe máa béèrè náà ṣe pàtàkì gidigidi. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi kún un pé rọ́bà ló fà á,” ẹ ti fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu nìyẹn, àkọsílẹ̀ tó bá sì tibẹ̀ jáde kò ní ìwọ̀n. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Ìwé ìtọ́kasí fi hàn pé aláìsàn lo rọ́bà ìtọ̀ nígbà tó wà ní ilé ìwòsàn ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ ohun tí ẹ kà sí okùnfà ọ̀nà ìtọ̀ tó fún yìí, tàbí kí ẹ kọ ọ́ pé ẹ kò tíì lè sọ.” Ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ sì fi ìwé ìbéèrè náà pamọ́ sínú fáìlì pẹ̀lú èsì rẹ̀.

Èsì tó dára kò ní gùn. Ó lè rí báyìí: “Aláìsàn lo rọ́bà ìtọ̀ fún ọjọ́ 12 nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ó ní òun kò ní àtọ̀sí rí, òun kò sì fi abẹ́ ṣèṣe. Fọ́tò ọ̀nà ìtọ̀ fi ibi tó fún hàn. Mo kà á sí ìṣòro tó tẹ̀yìn rọ́bà ìtọ̀ yọ. Kò sí àkọsílẹ̀ pé èèṣì kankan ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fi rọ́bà náà sí i.” Nínú ìlà márùn-ún yìí, ohun tí a ṣe wà níbẹ̀, bí ó ti pẹ́ tó wà níbẹ̀, okùnfà mìíràn tí a ti yẹ̀ wò wà níbẹ̀, ìdájọ́ oníṣègùn náà sì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí irú èyí gbà, N99.1 ni ẹ máa kọ ṣáájú, nítorí òun ni àìsàn tó gbé bàbá náà wá, Y84.6 yóò sì tẹ̀lé e láti sọ irú ìtọ́jú tó fà á, ìyẹn rọ́bà ìtọ̀. Y84.6 kò lè dá dúró, kò sì lè ṣáájú. Bí dókítà bá wá kọ ọ́ pé òun kò lè sọ, ẹ fi í sílẹ̀ ní N35.9, ohunkóhun tí ọ̀gá yín ì báà sọ.

Kí n fi èyí kún un, nítorí mo ń rí i lemọ́lemọ́: ẹ má ṣe mú kóòdù láti inú Ìwé Kẹta ICD-10, tí í ṣe atọ́ka, kí ẹ sì pa ìwé dé. Ẹ padà sí Ìwé Kìíní, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ kóòdù náà. Ibẹ̀ ni N35 ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé èyí tó bá tẹ̀yìn ìtọ́jú yọ kò sí lọ́dọ̀ òun, kí a lọ wò ó ní N99.1.

Ẹ̀yin àgbà wa, nọ́ọ̀sì ni mí. Aláìsàn kan padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tó gba abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ wa, ibi tí a gún ti wú, ó sì ti kó ọyún. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kí n má kọ ọ́ pé abẹ́rẹ́ ló fà á, pé ẹni tó bá kọ bẹ́ẹ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé ẹjọ́. Kí ni kí n ṣe? (Nọ́ọ̀sì, Ọ̀fà)

Ẹ kọ ọ́, arábìnrin mi. Ẹ kọ ibi tí a gún, bóyá ọ̀tún ni tàbí òsì; ẹ kọ orúkọ oògùn náà àti ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ tí a gún un, ọjọ́ tí aláìsàn kọ́kọ́ rí i pé ó ń wú, àti bí ó ṣe rí lójú yín lónìí. Dókítà ni yóò kọ okùnfà, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá fi ojú yín rí ni yóò fi ṣe ìdájọ́ rẹ̀.

Ìbẹ̀rù tí ẹlẹgbẹ́ yín ń bẹ̀rù yé mi, n kò sì ní fojú kéré rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ni wọ́n ti bá wí lójú aláìsàn lórí ohun tí kò tọwọ́ wọn wá. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe ìwé kóòdù mọ̀ pé ìtọ́jú tí a ṣe dáadáa náà lè ní àtúbọ̀tán, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pín in sí ọ̀nà méjì. Láti Y60 dé Y69 ni èèṣì àti àṣìṣe tó ṣẹlẹ̀ lákòókò ìtọ́jú wà: abẹ́rẹ́ tó gún ibi tí kò yẹ, Y60.3, àìmọ́tótó nígbà tí a ń gún abẹ́rẹ́, Y62.3, ẹ̀jẹ̀ tí kò bá ti aláìsàn mu, Y65.0. Y83 àti Y84 wà fún ìṣòro tó yọjú lẹ́yìn ìtọ́jú láìsí pé ẹnikẹ́ni mẹ́nu ba àṣìṣe: Y83 fún iṣẹ́ abẹ, Y84 fún àwọn ìtọ́jú yòókù. Òṣìṣẹ́ àkọsílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ mú aláìsàn láti Y84 lọ sí Y62 nítorí pé òun fúnra rẹ̀ rò pé ẹnì kan kò fọwọ́. Àyàfi bí ó bá wà lákọsílẹ̀. Ti aláìsàn yín yìí, bí dókítà bá ti so ọyún náà mọ́ abẹ́rẹ́, T80.2, ti àkóràn tó tẹ̀yìn abẹ́rẹ́ yọ, ni yóò gbà, pẹ̀lú Y84.8, ti àwọn ìtọ́jú mìíràn. Bí ó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni, T88.0 ni yóò dípò T80.2.

Ohun tó ń gbé ènìyàn dé ilé ẹjọ́ ni ìwé tí wọ́n yí kọ lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ tán. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014, ní ẹ̀ka 29, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tó ní ẹ̀wọ̀n tàbí owó ìtanràn nínú pé kí ẹnikẹ́ni fi ohun èké kún àkọsílẹ̀ aláìsàn, kí ó yọ nǹkan kúrò níbẹ̀, tàbí kí ó pa ìwé náà run láìní àṣẹ. Bí ẹ bá gbàgbé láti kọ nǹkan lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, ẹ kọ ọ́ lónìí, ẹ kọ ọjọ́ òní àti wákàtí òní sí i, kí ẹ sì sọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ báyìí ni ẹ ń kọ. Bí ẹ bá ṣì í kọ, ẹ fa ìlà kan ṣoṣo lé e kí ohun tó wà nísàlẹ̀ ṣì ṣeé kà, ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ wá kọ èyí tó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́.

Àlàáfíà fún yín o. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 3, ní ibà, a gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú kan ládùúgbò, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ní ìdí. Ibà lọ, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kejì ló ti ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó ti pé oṣù méjì báyìí. Ilé ìwòsàn ńlá tí a wá gbé e lọ ń béèrè ohun tí wọ́n ṣe fún un níbi àkọ́kọ́. Orúkọ oògùn àti “IM stat” (kí a gún un sínú ẹran ara lójú ẹsẹ̀) nìkan ló wà lórí káàdì rẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ béèrè, wọ́n ní ìwé kì í jáde. Ṣé òótọ́ ni? (Ìyá ọmọ, Adéwọlé, Ìlọrin)

Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú, Ọlọ́run yóò fún ọmọ náà ní ìlera. Kì í ṣe òótọ́. Òfin ọdún 2014 tí mo mẹ́nu bà lókè pa á láṣẹ ní ẹ̀ka 25 pé kí ilé ìtọ́jú ní àkọsílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá tọ́jú. Ẹ̀ka 26 ló sọ pé àṣírí ni ìwé aláìsàn, ẹ̀ka yìí náà ló sì sọ pé bí aláìsàn bá jẹ́ ọmọdé, òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ lè béèrè pé kí a gbé e jáde. Ohun tí ó ń dáàbò bo ọmọ yín lọ́wọ́ àjèjì ni wọ́n ń fi dí ẹ̀yin ìyá rẹ̀ lọ́nà, èyí kò sì tọ́ rárá. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti ọdún 2023 náà fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti gba ẹ̀dà ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀.

Ẹ má ṣe fi ẹnu nìkan béèrè. Ẹ kọ lẹ́tà kékeré, kí ẹ kọ orúkọ ọmọ, ọjọ́ tí ẹ gbé e lọ, nọ́ńbà káàdì rẹ̀, àti pé ẹ fẹ́ ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀ fún ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n fọwọ́ sí ọ̀kan fún yín pé àwọn gbà á. Bí wọ́n bá ṣì kọ̀, ẹ̀ka 30 òfin kan náà fún yín láyè láti fẹjọ́ sùn lórí bí wọ́n ṣe ṣe sí yín, ilé iṣẹ́ ètò ìlera ìpínlẹ̀ sì ni ẹ lè gbé e lọ.

Kí ẹ tó rí ìwé náà gbà, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹlẹ́rìí tó súnmọ́ ọ̀rọ̀ náà jù lọ. Ẹ jókòó, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rántí: ìdí ọ̀tún tàbí òsì, òkè tàbí ìsàlẹ̀, ṣé ọmọ ń dúró ni àbí ẹnì kan gbé e lé itan, ṣé ó ké ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ṣé ẹsẹ̀ náà wúwo lójú ẹsẹ̀ àbí lẹ́yìn tó sùn tó jí, ṣé ó lè gbé ọmọ ìka ẹsẹ̀ sókè àbí iwájú ẹsẹ̀ ń rọ̀ sílẹ̀ tó bá fẹ́ rìn. Iṣan-ara ńlá kan wà tó gba inú ìdí kọjá lọ sí ẹsẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ pé bí abẹ́rẹ́ yóò bá wọ ìdí, ìdámẹ́rin òkè tó wà lápá ìta ni kó wọ̀, nítorí rẹ̀ náà sì ni a fi ń gún ọmọ ọwọ́ ní itan. Bí abẹ́rẹ́ tàbí oògùn bá kan iṣan náà, lójú ẹsẹ̀ ni àìlera sábà máa ń hàn, ìgbà mìíràn sì wà tí yóò pẹ́ díẹ̀. Bí dókítà bá rí gbogbo èyí kà, ọwọ́ rẹ̀ yóò yá láti mọ ibi tí ó ń lọ, àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ẹsẹ̀ yóò sì lè tètè bẹ̀rẹ̀, kí oríkèé ọmọ náà má baà le.

Mo ní láti sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó tún tóbi ju ti ìwé lọ. Ọmọ èyíkéyìí tí kò tíì pé ọdún 15, tí ẹsẹ̀ tàbí apá rẹ̀ bá rọ lójijì, ni ó yẹ kí ilé ìtọ́jú fi tó òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ àrùn ní ìjọba ìbílẹ̀ létí, kí wọ́n lè gba ìgbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàrin ọjọ́ 14 àkọ́kọ́ láti wò ó bóyá rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni. Lóòótọ́ ni wọ́n kéde ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 pé ẹ̀yà àbáláyé àrùn náà ti kúrò ní ẹkùn WHO ti Áfíríkà, ṣùgbọ́n ẹ̀yà mìíràn tí kòkòrò inú àjẹsára yípadà dì kò tíì kúrò nílẹ̀ wa. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé “abẹ́rẹ́ ni” kí ó sì pa fáìlì dé. Ọjọ́ 14 ti kọjá fún ọmọ yín, síbẹ̀ ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé ìwòsàn tí ẹ wà yìí bóyá wọ́n ti fi tó ìjọba ìbílẹ̀ létí.

Ìyá mi gba ìtọ́jú onítànṣán ní Ìbàdàn ní ọdún 2019 fún jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, ara wọn sì le. Láti ọdún tó kọjá ni ẹ̀jẹ̀ ti ń bá ìgbẹ́ wọn jáde. Ibi tí a kọ́kọ́ lọ kọ jẹ̀díjẹ̀dí sí káàdì. Ṣé ohun tó ti pẹ́ tó báyìí tún lè jẹ́ ti ìtànṣán? (Ọmọ wọn obìnrin, Àjàṣẹ́-Ìpo)

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìtànṣán sábà máa ń fi ọjọ́ 90 pààlà: ohun tó bá yọ ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n ń kà sí ti lọ́ọ́lọ́ọ́, ohun tó bá yọ lẹ́yìn rẹ̀ ni àtúbọ̀tán, ó sì lè jẹ́ ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà. Ìsàlẹ̀ ìfun àti àpò ìtọ̀ súnmọ́ ilé ọmọ tó bẹ́ẹ̀ tí ìtànṣán fi máa ń kàn wọ́n. Ó tún lè jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ ohun mìíràn tí kò yẹ kí a fojú fò. Dókítà tó mọ ìtàn yín ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ohun tí ẹ bá gbé wá fún un ni yóò sì fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ lọ sí ibi tí màmá ti gba ìtànṣán, kí ẹ gba àkópọ̀ ìtọ́jú wọn. Ó yẹ kí ó sọ apá ara tí ìtànṣán kàn, àpapọ̀ ìwọ̀n rẹ̀ ní Gy (gray, òṣùwọ̀n ìtànṣán), iye ìgbà tí wọ́n pín in sí, bóyá wọ́n tún fi ìtànṣán sí abẹ́ láti inú, àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí. Ìwé ojú kan yìí lè gbà wọ́n lọ́wọ́ ewu. Oníṣègùn tí kò bá mọ̀ pé ìtànṣán ti kan ibẹ̀ lè fẹ́ bu ẹran níwájú ìsàlẹ̀ ìfun fún àyẹ̀wò, ibi tí ìtànṣán ti kàn kì í sì tètè jiná. Ó lè di ihò tí yóò ja sí ojú ara obìnrin.

Fún àwọn òṣìṣẹ́ àkọsílẹ̀ tó ń ka èyí: bí dókítà bá kọ ọ́ pé ìtànṣán ló fa egbò ìsàlẹ̀ ìfun, K62.7 ni, ti àpò ìtọ̀ jẹ́ N30.4. Ẹ fi Z85.4 kún un fún jẹjẹrẹ tó ti kọjá àti Z92.3 fún ìtànṣán tó ti gbà rí. Mo máa ṣàlàyé nínú ìdáhùn tó kàn ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ Z92.3.

Akẹ́kọ̀ọ́ àkọsílẹ̀ ìlera ni mí, mo sì tún ń kọ́ kóòdù ti Amẹ́ríkà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Olùkọ́ mi ti ibẹ̀ ní àtúbọ̀tán kò ní gbèdéke àsìkò. Ìwé WHO tí a ń lò nílé-ẹ̀kọ́ ní ọdún kan. Èwo ni òótọ́, sà? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ọ̀fà)

Òótọ́ ni méjèèjì, ọmọ mi, ìwé méjì ni o ń kà. Nínú ICD-10 ti WHO, lábẹ́ Y85 sí Y89, wọ́n kọ ọ́ pé àtúbọ̀tán ni ohun tí dókítà bá pè bẹ́ẹ̀, tàbí ohun tó bá yọ ní ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn ohun tó fà á. Y88.3 ni ti ìtọ́jú tí kò ní àṣìṣe nínú. Nítorí náà, bàbá Òmù-Àrán tó wá ní oṣù mẹ́jọ wà ní Y84.6, màmá Àjàṣẹ́-Ìpo yóò sì bọ́ sí Y88.3. Ṣùgbọ́n Y88.3 kò sọ irú ìtọ́jú tó fa ọ̀ràn: ìtànṣán, rọ́bà, iṣẹ́ abẹ, abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Ibi tí Z92.3 ti wúlò nìyẹn, òun ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìtànṣán sọnù nínú kóòdù.

Ti Amẹ́ríkà ni ICD-10-CM, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2015. Kò ní gbèdéke àsìkò fún àtúbọ̀tán, ó sì ń fi lẹ́tà keje sí ìparí ọ̀pọ̀ kóòdù ìpalára: A nígbà tí ìtọ́jú ìṣòro náà ń lọ lọ́wọ́, D nígbà tí ó ń jiná, S fún àtúbọ̀tán. Lẹ́tà keje yìí kò sí nínú ti WHO rárá. Bí o bá kọ ọ́ sínú fáìlì níbí, kọ̀ǹpútà lè dá a padà, tàbí kí ó gbà á, èyí tó burú jù. Ìlànà Amẹ́ríkà kan wà tí mo fẹ́ kí o dì mú níbikíbi tí o bá ti ń ṣiṣẹ́: ó ní kì í ṣe gbogbo ohun tó bá tẹ̀lé ìtọ́jú ni ìṣòro ìtọ́jú, àfi bí ẹni tó tọ́jú aláìsàn bá kọ ọ́ pé ìkan ló fa ìkejì.

Má sì jẹ́ kí ICD-11, ìwé WHO tó tẹ̀lé ICD-10, bá ọ lójijì. Ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2022 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nínú rẹ̀, ìṣòro ìtọ́jú ní apá mẹ́ta tí a ń so pọ̀: ìpalára tó ṣẹlẹ̀, ohun tó fà á, àti ọ̀nà tó gbà ṣẹlẹ̀. Àmì “/” ni a fi ń so wọ́n. Ọ̀fẹ́ ni ìwé náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì WHO, lọ máa fi dánra wò.

Ọmọbìnrin mi ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ó gbádùn, a lọ sílé. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, ojú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì tún lọ sílẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Wọ́n kọ ọ́ pé àrùn rẹ̀ ló tún dìde. Ó ti gbádùn báyìí, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. (Bàbá rẹ̀, Òró)

Bàbá, ọkàn yín ṣe dáadáa tí kò balẹ̀. Irú ìṣòro ẹ̀jẹ̀ kan wà tí kì í yọ lọ́jọ́ tí a fa ẹ̀jẹ̀. Ó sábà máa ń yọ láàrin ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 14. Ẹ̀jẹ̀ náà lè bá ti ọmọ mu lórí gbogbo àyẹ̀wò tí a ṣe, kí ara rẹ̀ sì tún rántí ohun kan tó ti bá pàdé nínú ẹ̀jẹ̀ tó gbà rí, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹ̀jẹ̀ tuntun náà run. Àwọn tó ní àrùn yìí máa ń gba ẹ̀jẹ̀ léraléra, nítorí náà ló fi máa ń ṣe wọ́n, ó sì jọ ìdìde àrùn wọn tó bẹ́ẹ̀ tí a fi máa ń pè é ní ìdìde àrùn. N kò lè sọ láti ibí pé òun ló ṣe ọmọ yín. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ sọ iye ọjọ́ tó wà láàrin ẹ̀jẹ̀ náà àti ojú pípọ́n náà, kí ẹ sì béèrè bóyá a lè ṣe àyẹ̀wò Coombs, tó ń wò ó bóyá agbóguntì (ohun tí ara fi ń bá àjèjì jà) ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àti àyẹ̀wò agbóguntì inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ òun ni, kí dókítà kọ ọ́ ní kíkún: ọjọ́ tí a fa ẹ̀jẹ̀, iye àpò, nọ́ńbà àpò kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí ìṣòro yọ, ohun tí àyẹ̀wò fi hàn. Bí ó bá kọ “transfusion reaction”, ìyẹn ìṣòro ìfàjẹ̀, lásán, T80.9, èyí tí kò sọ irú ìṣòro náà, ni òṣìṣẹ́ àkọsílẹ̀ yóò fún un, ẹni tó bá ń ka fáìlì náà lọ́dún tó ń bọ̀ kò sì ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún un bá ti bá tirẹ̀ mu nígbà náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ Y65.0 sí i, nítorí kò sí ẹni tó gbé ẹ̀jẹ̀ tí kò tọ́ fún un. Kí wọ́n kọ orúkọ agbóguntì tí wọ́n bá rí sórí káàdì kékeré kan tí ọmọ náà yóò máa gbé kiri, nítorí àyẹ̀wò lè má rí i mọ́ lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ilé ìwòsàn èyíkéyìí tó bá fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára lẹ́yìn èyí, ẹ fi káàdì náà hàn wọ́n kí wọ́n tó wá ẹ̀jẹ̀.